Orúkọ Ẹ̀rọ Nìkan Kò Tó: Èdè-Ìperí fún Ìtàkùrọ̀sọ lórí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Àṣà Ìgbàlódé

Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá ti dá lórí fífún ohun tuntun lórúkọ, àwọn tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà kò káwọ́ gbera, nítorí agbára káká ni a fi lè rí ẹ̀rọ pàtàkì kan tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá tí kò gba orúkọ tí etí gbọ́ tí ọkàn sì lóye. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń tàkùrọ̀sọ lórí fóònù tuntun, lórí áàpù tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, tàbí lórí orin àti fíìmù tí ó gbòde, orúkọ nǹkan náà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá; wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ohun tí nǹkan náà ṣe, bí ó ti rí lójú wọn, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti dá wọn lójú tó. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní èdè Yorùbá, pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe àti inú àwọn gbólóhùn kéékèèké ojoojúmọ́ ni wọ́n wà, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe èdè-ìperí fún agbo ìtàkùrọ̀sọ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ kí ó tó mú gègé.

"Èdè-ìperí" ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ kan pàtó, inú ọ̀rọ̀-ìṣe náà "perí", èyí tí í ṣe kí a máa dárúkọ ẹnìkan tàbí kí a máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ni a sì ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú Abuja gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ní Sheda, ní agbègbè olú-ìlú náà, ni olú iléeṣẹ́ àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ wà, èyí tí a mọ̀ sí NERDC. Àjọ yìí àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n gbé àwọn ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní, tí ó jáde ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ni olóòtú apá kejì, ní ọdún 1990. Ní ọdún 1991, wọ́n tún gbé ìwé kan jáde tí ó kó ọ̀rọ̀ ìṣòfin jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ígbò àti Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni abala 55 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì gbà pé kí àwọn aṣòfin ní Abuja máa lo èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilẹ̀ wa yìí pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ètò tó péye bá ti wà fún un. Kíláàsì àti ilé aṣòfin, nígbà náà, ti rí ẹni tó ro tiwọn. Agbo ìtàkùrọ̀sọ, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo èdè jù lọ, ni kò tíì rí.

Kí a tó wo ohun tí agbo náà nílò, ó yẹ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú àwọn orúkọ tí a ti ní. Rédíò ni "asọ̀rọ̀mágbèsì", èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Tẹlifíṣọ̀n ni "amóhùnmáwòrán", nítorí pé ó mú ohùn, ó sì mú àwòrán. Kọ̀ǹpútà ni "ayárabíàṣá", ẹ̀rọ tí ó yára bí àṣá. Íntánẹ́ẹ̀tì sì ni "ayélujára", nítorí pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni ayé fi lu wọ inú ara rẹ̀, tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìhà kan fi ń dé ìhà kejì láìpẹ́. Ọ̀nà kan náà ni a gbà dá gbogbo wọn: a mú gbólóhùn tí ó ṣàpèjúwe iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, a sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" tí í máa ń tọ́ka sí olùṣe. Bí a bá fi orúkọ rédíò wé ti íntánẹ́ẹ̀tì, a ó rí i pé àwọn orúkọ wọ̀nyí ti sọ ìtàn ìyípadà ńlá kan fúnra wọn, nítorí ayé tí ẹ̀rọ kan ti ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì ti di ayé tí ó lu jára, níbi tí gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ti lè fèsì. Èsì náà gan-an ni ìtàkùrọ̀sọ tí à ń wí.

Síbẹ̀, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ààlà. Ẹni tí ó ń ra fóònù ní Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ó lókìkí ní Wuse 2, kì í béèrè ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká; fóònù ni yóò béèrè, yóò sì tún béèrè ṣájà, bátìrì, síìmù àti dátà. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí àjọ NCC tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ti fún àwọn iléeṣẹ́ ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2001, ni àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wọ̀nyí ti di tiwa. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe àmì pé èdè kùnà. Òfin Yorùbá ni ó tẹ̀ lé nígbà tí ó wọlé: ó fi fáwẹ̀lì parí sílébù tí kọ́ńsónáǹtì ìbá parí, ó ya àwọn kọ́ńsónáǹtì tí ó so pọ̀ sọ́tọ̀, ó sì gba ohùn, bí "síìmù" àti "bátìrì" ti fi hàn. Ohun tí ó yẹ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ tuntun ni bí ó bá rọrùn láti fi ṣe gbólóhùn lẹ́nu ẹni tí inú ń bí, lẹ́nu ẹni tí inú rẹ̀ dùn, àti lẹ́nu ẹni tí ó ń kánjú.

Ní ibí yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti gba ipò iwájú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi tí kò gba àṣẹ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ó so rọ̀, àwọn kan sì lè fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so rọ̀ ní Yorùbá ni aṣọ tí a fi kọ́ tàbí èso tí ó wà lórí igi, kì í ṣe ohun tí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Yorùbá ní "takú", èyí tí í ṣe kí ènìyàn tàbí ẹranko fi agídí kọ̀ láti kúrò níbi tí ó wà, kò sì sí ohun tí ó sọ ipò ẹ̀rọ yìí tó o: kọ̀ǹpútà náà takú. Bí áàpù bá ṣàdédé pa ojú dé nígbà tí a ń lò ó lọ́wọ́, "ó dákú" bá a mu, nítorí ẹni tí ó dákú ṣì lè jí. Bí a bá sì tún un tàn, tí ó ṣiṣẹ́, ó ta jí nìyẹn. Áàpù tí kò mọ̀ ọ́n ṣún lò "ń jẹ dátà", gẹ́gẹ́ bí ilé kíkọ́ ti ń jẹ owó. Ìpè tí ó dáwọ́ dúró lójijì "já", bí okùn ti í já. Gíláàsì iwájú fóònù ni "ojú fóònù", ní ọ̀nà kan náà tí a fi ní ojú ìwé, ojú ọ̀nà àti ojú ọjọ́. Kò sí ìkankan nínú àwọn wọ̀nyí tí ìgbìmọ̀ kan ní láti dá. Fífẹ ìtumọ̀ lójú ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀nà yìí, èyí tí í ṣe kí a mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọ ibi tuntun láìyí i padà.

Ẹ̀yà kejì ọ̀rọ̀ tí agbo náà nílò ni ti èrò ọkàn, ní ibí sì ni ó ti yẹ kí aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ ṣọ́ra jù lọ. "Lámèyítọ́" ni a ń pe iṣẹ́ ẹni tí ó fi ìmọ̀ yẹ iṣẹ́ ọnà wò, "àgbéyẹ̀wò" ni a sì ń pe ọ̀rọ̀ tí a fara balẹ̀ kọ lórí ohun kan lẹ́yìn tí a ti dán an wò. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kàn sọ bí fíìmù tàbí fóònù kan ti rí lójú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, kì í sì í ṣe ìdájọ́; ìdásí-ọ̀rọ̀ ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, ó sì dá sí i. A kò gbọ́dọ̀ gé e kúrú sí "ìdásí", kí a má baà rò pé ẹni tí a dá ẹ̀mí rẹ̀ sí ni à ń wí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ ni àwọn gbólóhùn kéékèèké tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní "lójú tèmi" ti fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ojú ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó ní "wọ́n ní bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán" ti sọ pé òun gbọ́ ni, òun kò rí i. Ẹni tí ó ní "ó jọ pé" ti rí àmì ṣùgbọ́n kò tíì rí òpin. Ẹni tí ó ní "àfàìmọ̀" ń bẹ̀rù ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó sì ní "ó dá mi lójú" ti gbà pé kí a bi òun bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá kó gbogbo wọn sábẹ́ "mo rò pé" nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wí ti sọ òdiwọ̀n òtítọ́ tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ nù.

Ní ti àṣà ìgbàlódé, ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ bákan náà. Gbajúmọ̀ ni ẹni tí igba ojú mọ̀. Orin tí gbogbo ènìyàn ń kọ ni ó gbòde. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹnu ń sọ ní ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń jà ràn-ìn nílẹ̀. Fíìmù Yorùbá ni "àgbéléwò", orúkọ tí ó bá ìgbà kásẹ́ẹ̀tì wọlé nígbà tí a ń gbé eré lọ sílé láti wò, tí ó sì ṣì ń sìn wá bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń wò ó báyìí. Ibi tí ó ti ṣòro ni ti àmì tí a ń tẹ̀ lórí ayélujára láti fi hàn pé nǹkan kan dùn mọ́ wa, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "like". "Fẹ́ràn" ni a sábà máa ń lò fún un, ṣùgbọ́n ipò ọkàn tí ó máa ń pẹ́ ni fífẹ́ràn, títẹ àmì sì jẹ́ ìṣe ìṣẹ́jú kan ní gbangba. Fún orin tàbí iṣẹ́ rere, "kan sáárá sí" ni ó yẹ, nítorí ìyìn gbangba ni. Fún ìròyìn òfò, "bá kẹ́dùn" ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú Gẹ̀ẹ́sì ti pín sí méjì ní ọwọ́ Yorùbá, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé àṣà wa kì í fi ẹnu kan náà kí ọlọ́mọ tuntun àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bákan náà, "ọmọlẹ́yìn" wúwo jù fún ẹni tí ó kàn fẹ́ máa rí àwòrán òṣèré, nítorí ọmọlẹ́yìn ni a ń pe ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ tàbí wòlíì. "Àwọn tó ń tẹ̀ lé e" tó, gbólóhùn lásán sì ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ ìbá bà jẹ́.

Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú wà nínú èdè-ìperí. Ẹni tí ó ń túmọ̀ áàpù sí Yorùbá gbọ́dọ̀ yàn bóyá yóò kọ "tẹ ibí" tàbí "ẹ tẹ ibí", ìpinnu tí Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí a kò ti rí ojú ara wa, tí a kò mọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún àti ẹni tí ó jẹ́ ìyá àgbà, "ẹ" ni ó bọ́gbọ́n mu, nítorí kò sí ọmọdé tí yóò bínú pé a bu ọlá fún òun.

Gbogbo èyí ti di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ní Abuja. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Bosun Tijani, kéde pé Nàìjíríà yóò ní àwòṣe èdè ńlá tirẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń kọ́ èdè láti inú ohun tí ènìyàn kọ tàbí sọ sílẹ̀, tí ó sì ń fi í dáhùn ìbéèrè. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2025, tí wọ́n pè ní N-ATLaS, gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ígbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ọmọ Nàìjíríà. "Ọgbọ́n àtọwọ́dá" ni ọ̀pọ̀ ń pe irú ìmọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òwe ti fún un ní orúkọ tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n gan-an ni ohun tí ẹ̀rọ náà kó jọ. Bí ó bá jẹ́ pé Bíbélì, ìwé ìròyìn àti ìwé kíláàsì nìkan ni Yorùbá tí ó rí kà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀, kò sì ní mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé fóònù takú.

Àmì ohùn pàápàá kò ṣeé fojú fò. Lẹ́tà "ẹ" tí ó ní àmì ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Àmì tí a lẹ̀ mọ́ra ni, a sì lè lẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ, débi pé ọ̀rọ̀ kan náà lè di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ẹ̀rọ bí kò bá sí ẹni tí ó mú wọn dọ́gba. Tí a bá sì yọ àmì kúrò pátápátá, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko di ọ̀kan. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn tó ń ṣe èdè-ìperí kì í ṣe kí wọ́n tún jókòó ti orúkọ ẹ̀rọ mìíràn nìkan, bí kò ṣe kí wọ́n lọ sí ọjà fóònù, sí ẹnu iṣẹ́ àti sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n ti Ìsánlú, Kàbà, Ìlọrin àti Ìbàdàn wá pàdé ní olú-ìlú, kí wọ́n gba ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, kí wọ́n sì tò ó sínú ìwé. Takú, dákú, ó jọ pé, wọ́n ní: àwọn ni ohun tí ẹ̀rọ yóò kọ́ lọ́la bí a bá kọ wọ́n sílẹ̀ lónìí.