Lẹ́tà Inú Agbọ̀n Búrẹ́dì



Sister Majella McCarron, ọmọ Ireland, ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó nígbà tó dúró ti àwọn Ògóni, ẹ̀yà kékeré tí epo rọ̀bì ba ilẹ̀ àti odò wọn jẹ́. Ó padà sílé, kò dákẹ́. Inú agbọ̀n búrẹ́dì ni lẹ́tà Ken Saro-Wiwa ń gbà jáde ní àhámọ́ ológun lọ bá a. Ní November 10, 1995, wọ́n yẹgi fún Ken àtàwọn mẹ́jọ. Lẹ́tà 28 náà ti wà ní Yunifásítì Maynooth báyìí.

Ní 1995 yẹn, àwa náà ń ṣe ìṣọ́ òru, a ò dárúkọ Ògóni rí. Àlejò ló bá wọn sunkún. Olúwa, dárí jì wá.