Journey kí Steve Perry tó dé

Ohùn Steve Perry ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ẹgbẹ́ olórin Journey, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò nítòsí Badagry, ni èmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn. Orin rẹ̀, Jin-Go-Lo-Ba, ni ẹgbẹ́ Santana tún kọ lọ́dún 1969, tí wọ́n pè ní Jingo. Ẹ tẹ́tí sí dùùrù Hammond tó ń kùn láàárín ìlù yẹn dáadáa: Gregg Rolie ló ń tẹ̀ ẹ́. Òun àti Neal Schon, ọ̀dọ́langba onígìtá tó bá a nínú Santana, wà lára àwọn tó dá Journey sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1973.

Àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tà tó bó ṣe yẹ. Perry dé ní 1977, ọjà sì yí padà. Rolie fi wọ́n sílẹ̀ ní 1980; Jonathan Cain gba ipò rẹ̀, òun ló tẹ dùùrù tó ṣí Don't Stop Believin', nínú àwo Escape tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981. Ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá ń yin Journey tí wọn ò dárúkọ Rolie rárá.

Ní 2007, lẹ́yìn tí Perry ti lọ tipẹ́, Schon rí Arnel Pineda, ọmọ Manila, lórí YouTube. Òun ló di olórin wọn.