Nígbà tí Oògùn Bá Pàdé Oògùn: Wárápá, Ìdààmú Ọkàn àti Jẹjẹrẹ nínú Ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Bí a bá ní kí ènìyàn wá sọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ohun tí a sábà máa ń retí lẹ́nu rẹ̀ ni ogun Èkìtìparapọ̀, akọni Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí, tàbí adé Ajerò, adé Alárá àti adé Aláayè. Èmi kò ní sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí lónìí. Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo gbé wá: ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oògùn wárápá tàbí oògùn ìdààmú ọkàn bá pàdé oògùn jẹjẹrẹ nínú ara ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ oníṣègùn nìkan nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù oògùn ni ó ní ọdún tí ó dé àti ọ̀nà tí ó gbà dé, ilẹ̀ tí ó sì wà láàrin Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ní ìpín nínú ìtàn yìí ju bí a ti rò lọ.

Ọ̀dọ̀ ọmọ Òkèmẹ̀sí kan ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1935 ni a bí Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ní ìlú náà. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan di ẹ̀kọ́ tí ó fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí gbágùúdá tí a kò ṣe dáadáa, èyí tí májèlé inú rẹ̀ máa ń ba iṣan ẹsẹ̀ àti ojú jẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí wárápá ni ó kàn wá níhìn-ín. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láti ilé dé ilé ní Ìgbó-Ọrà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n rí i pé iye àwọn tí wárápá ń bá jà lé díẹ̀ ní 5 nínú 1,000 ènìyàn. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn wo ìlú tí ó ní 50,000 ènìyàn, ó ju 250 lọ. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí à ń rí ní gbangba. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn wa gbà pé itọ́ tí ń hó lẹ́nu aláìsàn lè ran ẹlòmíràn, nítorí náà abọ́ rẹ̀ a yàtọ̀, ẹní rẹ̀ a yàtọ̀, bí ó bá sì ṣubú sínú iná ìdáná, ọ̀pọ̀ a bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn án. Ọ̀ṣúntòkun kú ní 1995, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò tíì kú tán.

Àwọn oògùn òyìnbó tí ó dé bá àìsàn yìí kò pọ̀. Ọ̀kan lára wọn ni phenobarbital, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ilẹ̀ Jámánì ní 1912. Phenytoin tẹ̀ lé e ní 1938, lẹ́yìn iṣẹ́ Merritt àti Putnam ní ìlú Boston. Carbamazepine dé lẹ́yìn náà. Phenobarbital ni owó rẹ̀ kéré jù lọ, òun ni ó sì tàn kálẹ̀ jù lọ láàrin àwọn tálákà àgbáyé. Ẹni tí ó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ojoojúmọ́ ni, fún ọdún púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: oògùn yìí di alábàágbé ẹ̀dọ̀ ẹni tí ń lò ó.

Ẹ̀dọ̀ ni ilé iṣẹ́ tí a ti ń tú oògùn palẹ̀ nínú ara. Àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí a lè pè ní òṣìṣẹ́: bí oògùn bá dé, wọn a gé e sí wẹ́wẹ́ kí ara lè tì í jáde. Ní òpin àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ bí Allan Conney ní Amẹ́ríkà àti Herbert Remmer ní Jámánì rí i pé oògùn kan lè mú kí ẹ̀dọ̀ gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i. Phenobarbital, phenytoin àti carbamazepine wà lára àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun yìí kì í béèrè oògùn ta ni ó ń kọjá. Ohunkóhun tí ó bá jọ iṣẹ́ wọn, wọn a tú u palẹ̀.

Nígbà tí a ń ṣe àwárí yìí gan-an ni oògùn jẹjẹrẹ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1958 ni Denis Burkitt kọ̀wé láti Uganda nípa jẹjẹrẹ tí ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé Áfíríkà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní 1957. Oògùn tí ó mú ìrètí wá fún wọn ni cyclophosphamide. Ní Kánádà ẹ̀wẹ̀, ewé òdòdó kan tí àwọn ará Jamaica ń sè mu fún àtọ̀gbẹ dé ọwọ́ Robert Noble. Kò wo àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Láti ara òdòdó yẹn, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà lásán, ni vinblastine àti vincristine ti jáde. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí vincristine ní 1963.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú vincristine palẹ̀. Bí ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lo phenytoin nítorí gìrì tàbí wárápá, oògùn tí a rọ sí iṣan rẹ̀ lè jáde lára kí ó tó parí iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo oògùn jẹjẹrẹ ni ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Cyclophosphamide kò lágbára bí ó ti wọ ara. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ohun ìjà. Fún irú èyí, òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ lè mú kí agbára rẹ̀ tètè yọ, kí májèlé rẹ̀ sì yọ pẹ̀lú.

Ó pẹ́ kí ayé tó rí ẹ̀rí gidi pé ọ̀rọ̀ yìí ń pa ènìyàn. Ní 2000, Mary Relling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé Lancet. Wọ́n wo ọmọdé 716 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. 40 nínú wọn ti lo oògùn wárápá irú èyí tí mo dárúkọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí ni àìsàn sì borí jù. Oògùn jẹjẹrẹ ń yára jáde lára wọn. Ẹ ronú sí i: ó tó ogójì ọdún tí a ti mọ ohun tí phenobarbital ń ṣe sí ẹ̀dọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ka iye àwọn ọmọ tí ó kàn. Mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìdákẹ́jẹ́ tí ó burú jù nínú ìtàn ìṣègùn.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà di tiwa gan-an ní 2003. Ọdún yẹn ni Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tí ó ní irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi sì ń ṣe aṣáájú rẹ̀. Láti gbogbo Nàìjíríà ni aláìsàn ti ń wá. Fún ará Ìjerò, ọ̀nà náà gba Àrámọ̀kọ, ó gba Ẹ̀fọ̀n, ó sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kí ó tó dé Ifẹ̀. Imatinib yí ìtàn àìsàn yẹn padà; ẹni tí ó yẹ kí ó kú láàrin ọdún díẹ̀ ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú imatinib náà palẹ̀, phenytoin tàbí carbamazepine sì lè dín in kù nínú ẹ̀jẹ̀ débi pé aláìsàn ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ láìrí àǹfààní rẹ̀ tó. Ilé ìwòsàn tí ó fún un ní oògùn wárápá wà ní òpin ọ̀nà kan, èyí tí ó fún un ní oògùn jẹjẹrẹ wà ní òpin kejì. Bí ìwé kò bá bá a rin ìrìn àjò náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ti valproate, tí Pierre Eymard ṣàwárí agbára rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, yàtọ̀. Kì í fi kún òṣìṣẹ́ ẹ̀dọ̀, ńṣe ni ó ń dá àwọn kan lára wọn dúró. Ó sì lè dín èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, bẹ́ẹ̀ ni oògùn jẹjẹrẹ pàápàá ń dín in kù. Levetiracetam, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1999, kì í sábà da ẹ̀dọ̀ láàmú, òun ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń yàn lónìí fún ẹni tí ó ní àìsàn méjèèjì. Owó rẹ̀ ju ti phenobarbital lọ, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìjerò. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta ti mọ̀ tipẹ́ pé nínú àpáta Ìjerò ni tantaláìtì àti òkúta aláwọ̀ oríṣiríṣi wà, lithium sì wà nínú àwọn kan lára wọn. Lónìí, nítorí bátìrì ọkọ̀ ni a ṣe ń lé lithium kiri. Àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èròjà kan náà ni John Cade, oníṣègùn ará Ọsirélíà, fi wo àwọn tí orí wọn gbóná ní 1949, tí ìyè wọn sì padà bọ̀ sípò. Títí di òní, ó wà lára àwọn oògùn tí ó dára jù fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń ru sókè tí ó tún máa ń rì sílẹ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìkìlọ̀: òkúta kì í ṣe oògùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ̀ ọ́ mu. Ìwọ̀n lithium tí ń woni àti èyí tí ń pani kò jìnnà síra, ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀dọ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú lithium. Kíndìnrín ni ó ń tì í jáde. Cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978, máa ń pa kíndìnrín lára. Omi oníyọ̀ tí a ń fà sí aláìsàn lára kí cisplatin má baà ṣe é léṣe lè gbá lithium jáde kí ọkàn rẹ̀ tún dàrú. Lẹ́yìn náà, bí kíndìnrín bá rọ, lithium a kó jọ, a sì di májèlé. Síbẹ̀, lithium máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, èyí tí oògùn jẹjẹrẹ ń dín kù. Nítorí náà ni àwọn kan ní àwọn ọdún 1970 fi dán an wò bóyá ó lè gba aláìsàn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ àkóràn. Ọ̀nà mìíràn ti dípò rẹ̀ báyìí.

Ó ku oògùn tiwa. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú wèrè kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà, ti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Yorùbá kọ́ nípa rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Reserpine, tí a kọ́kọ́ rí gbà láti ara ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà ní 1952, wà nínú tiwa pẹ̀lú. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n ó lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì gidigidi, ó sì lè mú kí gìrì tètè dé. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí a máa ń fún ọmọ tí gìrì mú burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníwádìí Ìbàdàn fi hàn pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọpọlọ ọmọ a bàjẹ́.

Aláìsàn tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ sábà máa ń pa àgbo mọ́ fún dókítà, nítorí ó mọ̀ pé wọn yóò bá òun wí. Mo rò pé ìbáwí yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè Èkìtì, pé, “Yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa, kí ni ẹ tún ń lò nílé, ìyá?” ìyá náà yóò sọ. Yóò dárúkọ àgbo, yóò dárúkọ oògùn funfun kékeré tí ọmọ rẹ̀ ti ń lò fún wárápá láti ọdún mẹ́jọ, ẹni tí ń kọ ìwé yóò sì lè kọ méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n tó rọ vincristine sí iṣan ọmọ náà.