Láti Orí Síríǹjì Dé Orí Dírípù: Ìtàn Omi Tí A Ń Fà sí Iṣan Aláìsàn

Nínú èdè Yorùbá, a kì í da ọ̀rọ̀ méjì yìí pọ̀: à ń gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n à ń fa omi sí i lára. Àwọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Scotland ní 1832 kò pè é ní fífà. Fífi síríǹjì ti omi wọlé ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n sì fi sọ iṣẹ́ wọn lórúkọ. Àìsí ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó hàn nínú irinṣẹ́ wọn.

Àrùn onígbáméjì ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ní òpin 1831, W. B. O'Shaughnessy yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà ń ṣe ní Sunderland wò, ó sì rí i pé omi àti iyọ̀ inú rẹ̀ ti dín gidigidi. Ní oṣù karùn-ún 1832, Thomas Latta, dókítà kan ní Leith, lo ìmọ̀ yìí. Ó po iyọ̀ àti sódà díẹ̀ mọ́ omi, ó fi páìpù fàdákà tín-ín-rín sẹ́nu síríǹjì, ó sì tì í bọ iṣan apá obìnrin arúgbó kan tí kò sí ìrètí fún mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 30, omi páìǹtì 6 ti wọlé. Ojú rẹ̀ là, ó ń ṣàwàdà, ó ní oorun díẹ̀ ni ó kù tí òun nílò. Latta bá lọ. Ìgbẹ́ àti èébì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí i. Wákàtí 5 àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí ó lọ, obìnrin náà kú.

Ó rọrùn láti dá omi náà lẹ́bi. Lóòótọ́, iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí ìmọ̀ tó dájú nígbà náà pé kòkòrò àìfojúrí ń fa àrùn. Ṣùgbọ́n omi yìí kan náà ni ó jí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ara rẹ̀ tún ń sọ omi nù nígbà tí a ti ṣíwọ́ fífún un. Síríǹjì kò lè dá ṣiṣẹ́; bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀, iṣẹ́ parí.

Àtúnṣe pẹ́ kí ó tó dé. Ní 1923, Florence Seibert fi hàn pé ohun tí kòkòrò ń fi sílẹ̀ nínú omi ni ó ń fa ibà lẹ́yìn irú ìtọ́jú yìí. Ní 1924, Rudolph Matas ti New Orleans ṣàlàyé bí omi ṣe lè máa kán sínú iṣan láìdáwọ́ dúró. Kíkán yìí ni ìtumọ̀ dírípù. Ìgò, àpò ike àti kánúlà oníke tẹ̀ lé e.

Kíkán ṣeé kà. Bí ẹ̀kán 20 bá jẹ́ mìlílítà 1, tí a sì fẹ́ fa lítà 1 láàárín wákàtí 8, bí ẹ̀kán 42 ni nọ́ọ̀sì yóò máa kà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ní 1940, ọdún 108 lẹ́yìn ti Leith, ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston fi iṣẹ́ ìtọ́jú ojú iṣan lé nọ́ọ̀sì kan, Ada Plumer, lọ́wọ́.