Pátákó Ìrántí Ọ̀nà Braddock ní Ìwọ̀-Oòrùn Maryland

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa tí ń gba ọ̀nà US 40 Alternate láti Cumberland lọ sí Grantsville, ẹ óò rí àwọn pátákó ìrántí Ọ̀nà Braddock lẹ́bàá títì.

Ní ọdún 1755, Ọ̀gágun Edward Braddock kó ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Fort Cumberland láti gba Fort Duquesne, níbi tí Pittsburgh wà lónìí, lọ́wọ́ àwọn Faransé. Wọ́n gé igi, wọ́n fọ́ àpáta, kí ọ̀nà lè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 fún kẹ̀kẹ́ ẹrù àti àgbá. Iṣẹ́ náà falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Braddock fi fi ẹrù tó wúwo sílẹ̀ sẹ́yìn ní Little Meadows. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje, àwọn Faransé àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń bá wọn jà ṣẹ́gun rẹ̀. Ọgbẹ́ tó gbà ló pa á ní ọjọ́ 13. Àárín ọ̀nà tí ó là ni wọ́n sin ín sí, kẹ̀kẹ́ sì gba orí sàréè náà kọjá, kí ọ̀tá má baà rí i.

Orúkọ Braddock ni ọ̀nà náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n Nemacolin, ọmọ ẹ̀yà Delaware, ti bá Thomas Cresap sàmì sí ipa rẹ̀ ṣáájú. Lójú tiwa, ó yẹ kí ẹni tó bá ń ka pátákó náà mọ èyí.

Ẹ wá ibi tí ààyè wà gbé ọkọ̀ sí kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ kà á.