Pípààrọ̀ Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́
Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ pọ̀ ní Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ a máa tan awakọ̀ jẹ: ẹ́ńjìnì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko kí mítà má ka ju kìlómítà díẹ̀ lọ. Nítorí náà, a gbà yín níyànjú pé bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú fílítà rẹ̀, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ tíì rin 5,000 kìlómítà.

Ẹ́ńjìnì tó ti gbó a máa jẹ ọ́ìlì. Ẹ máa yọ ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì pa ọkọ̀. Ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì kò ní rántí iye tí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan jẹ́ mọ́.

Ọ́ìlì dúdú tí a tú jáde ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì dà á sí gọ́tà. Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okókómáìkò ń pọn omi nínú rẹ̀, lítà ọ́ìlì kan ṣoṣo sì lè ba ọ̀kẹ́ àìmọye lítà omi jẹ́. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí ẹ gbè é sí. Àjọ LASEPA ló ń bójú tó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí.