Kárámẹ̀lì

Kárámẹ̀lì (ọ̀rọ̀-orúkọ, àyálò). Ìtumọ̀ méjì ló ní.

Èkíní ni ṣúgà tí a yọ́ lórí iná títí tó fi pọ́n. Ooru rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 170°C. Bí a kò bá tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á korò.

Èkejì ni súìtì rírọ̀ tí a fi ṣúgà, bọ́tà àti ọ̀rá wàrà sè. Èyí ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ri ápù bọ̀ nígbà ìkórè èso. Wọ́n á fi omi gbígbóná fọ ìda ara ápù kúrò, wọ́n á nù ún gbẹ kí kárámẹ̀lì lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lórí. Nǹkan bí 118°C ni wọ́n ń sè kárámẹ̀lì náà dé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, eyín kò ní ràn án.

Ìbátan rẹ̀ nílé wa ni baba dúdú: ṣúgà àti omi tí a fún lára àgbọn rírin, tí a sè títí tó fi dúdú tó sì le.

Ìlò: “Má tíì fọwọ́ kan kárámẹ̀lì yẹn, ó ń jóni.”